Elégédé Pupa, Ewé Dúdú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí sùúrù òun dé, kó fún ọmọ méje ní ìwé àti pẹ́ńsù, kó ní kí wọ́n ya elégédé kan. Adélékè Ògúnjìnmí rò pé òun ti mọ ibi tí tòun dé. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní yíyà àti kíkùn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ti rí ọmọ tó ya ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, ó ti rí èyí tó fi omi ọ̀dà ra orí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sú u. Ìlú Padova ni wọ́n ti wá sú u, lọ́dún 1996, láàárín Sátidé méjì péré.

Lọ́dún 1990 ló dé Italy. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ọ̀rá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó gbé e lọ fún ní ọ́fíìsì yẹ̀ ẹ́ wò síwá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn, wọ́n ní ó dára gan-an, wọ́n sì dá a padà fún un. Láti ìgbà náà ló ti ń gbé páálí ní magazzino kan, ilé ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́yìn ìlú: páálí bàtà, páálí ọṣẹ, páálí tí kò tilẹ̀ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Òtútù ibẹ̀ kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn tó ń ro ó kò sì dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn ún ni pé láti ọdún mẹ́fà, kò sí ẹnì kankan tó pè é ní tíṣà.

Àfi bí ọ̀nà ṣe là lóṣù kẹwàá ọdún náà. Adùnọlá ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú ìyá arúgbó kan ní àdúgbò Arcella, ọmọ ìyá náà, Signora Bettin, sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ àdúgbò, èyí tí wọ́n ń pè ní quartiere. Àwọn ọmọ tó ń dúró lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, ní doposcuola, kò ní olùkọ́ àwòrán mọ́, nítorí èyí tí wọ́n ní ti fẹ̀yìn tì. Adùnọlá ní tíṣà ni ọkọ òun. Signora ní òun á wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́, ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, ní aago mẹ́rin. Bí iṣẹ́ náà bá wu òun, Lékè ló máa máa kọ́ àwọn ọmọ doposcuola ní gbogbo Ọjọ́rú. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀ ni. Lójú Lékè, inú wákàtí méjì yẹn ni gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín tíṣà àti agbépáálí wà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí ọmọ kankan tó ń kọ́. Ó sáré lọ bá àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, Sístà Olútóyìn tó jẹ́ olórí wọn ló sì dá a lóhùn.

"Bùrọ̀dá Lékè, àwọn ọmọ á wá. Pásítọ̀ ti ní kí ẹ lo yàrá ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n Yorùbá nìkan ni kí ẹ fi kọ́ wọn o. Kò gbọdọ̀ sí Italiano níbẹ̀ rárá."

"Kò burú, Sístà Tóyìn."

"I mean it o, Bùrọ̀dá. Dùnsìn mi ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Bí mo bá pè é pé kó wá jẹun, 'arrivo' ló ń dá mi lóhùn. Ó ń bà mí nínú jẹ́ gan-an ni." Bó ṣe sọ èyí tán, ó yíjú sí ọmọ náà. "Dùnsìn! Oya, giacca, andiamo, we are late." Kó wọ jákẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n máa lọ.

Lékè wo ìyá, ó wo ọmọ.  Ẹni tó ń wá ọmọ méje kì í bá ìyá wọn jà.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó ti dé ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ó gbé tábìlì sí ẹ̀bá fèrèsé, ó tẹ́ gèlè funfun Adùnọlá lé e. Ó gbé elégédé ńlá kan lé e, irú èyí tí wọ́n ń tò síwájú ìsọ̀ ní ìgbà ìwọ́wé. Ó fi ìdì èso àjàrà kan tì í, tewé-tewé, èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ já wá láti oko bàbá rẹ̀. Ó wá da castagne, èso igi kan tí wọ́n ń yan jẹ níbẹ̀, bí ẹ̀kúnwọ́ méjì síwájú, ó fà á sẹ́yìn, ó tún un tì, ó dúró lókèèrè ó wò ó. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, òjìji elégédé náà sì nà gbọọrọ lórí aṣọ. Ó dùn mọ́ ọn. Ó ti pẹ́ tó ti to nǹkan tí kì í ṣe páálí.

Àwọn ọmọ dé, ó sì sọ fún wọn bó ṣe máa ń sọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó: "Ẹ wò ó kí ẹ tó yà á. Ojú ló ń yàwòrán, ọwọ́ kàn ń jíṣẹ́ ni."

Dùnsìn nawọ́ sókè. "Ma perché una zucca?" Ó ń béèrè ìdí tó fi jẹ́ elégédé ni wọ́n máa yà.

"Nítorí pé kì í rìn, kì í sì í béèrè ìbéèrè," ni Lékè wí.

Wọ́n ń yà á lọ. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ṣàkíyèsí pé ìdì àjàrà náà ń rù. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tó ń jẹ́ Táyé ló jókòó sún mọ́ tábìlì jù, ètè rẹ̀ sì ti yí àwọ̀ padà. Lékè gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tó máa padà, àwọn mẹ́ta ti pa ohun tí wọ́n yà rẹ́, nítorí àjàrà tó wà lórí ìwé wọn ti pọ̀ ju èyí tó wà lórí tábìlì lọ. Ìyá kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ṣé wọ́n á se elégédé náà tó bá yá ni, àbí wọ́n kàn fẹ́ máa wò ó. Lékè ní wọ́n kàn fẹ́ máa wò ó. Obìnrin náà mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, nǹkan wà lórí ìwé. Dùnsìn pàápàá ti rí òjìji. Ó fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù rà á díẹ̀díẹ̀, ó wúwo nídìí elégédé, ó sì ń fúyẹ́ bó ṣe ń jìnnà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níyẹn. Lékè dúró lẹ́yìn rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó rí owó he. Ó to ìwé méjèèje pamọ́, ó ní Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa kùn wọ́n lọ́dà, kí Signora bá wọn tútù lórí tábìlì.

Sátidé kejì pé. Aago méjì àbọ̀, ó pín ọ̀dà, ó pín búrọ́ọ̀ṣì, ó dúró síwájú tábìlì, ó sì ṣàlàyé ní Yorùbá tó jinlẹ̀, bí Sístà Tóyìn ṣe fẹ́.

"Ẹ wo elégédé yìí. Ó pupa. Ó pupa rúsúrúsú ní ìsàlẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà á, pupa fòò ni. Ẹ wo ewé àjàrà yìí náà, ó dúdú minimini. Ṣé ẹ ti gbọ́?"

"Sì," ni gbogbo wọn wí.

Bí wọ́n ṣe ti búrọ́ọ̀ṣì bọ omi báyìí ni pásítọ̀ ránṣẹ́ pe Lékè pé kó wá bá àwọn to àga ìsìn ọjọ́ kejì. Àga ọgọ́rùn-ún àti ogún ni. Lékè ń tò ó, ó ń wo aago, ó ń tò ó. Nígbà tó fi máa padà, aago mẹ́ta ti kọjá dáadáa.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé. Elégédé méje ló wà lórí tábìlì àwọn ọmọ, gbogbo wọn ló rẹ̀ dòdò bíi tòmátì, bíi ẹ̀jẹ̀. Ewé àjàrà méje dúdú bí èédú. Àwọn ọmọ rọra jókòó, ọwọ́ wọn mọ́, wọ́n ń retí ìyìn.

"Ta ló ní kí ẹ kùn ún báyìí?"

"Tu," ni Táyé wí láti ẹ̀yìn. Ìwọ ni.

Dùnsìn fi ìgúnpá gún un. "Si dice Lei," ló wí, pé a kì í pe àgbà ní ìwọ. Ó wá kọjú sí Lékè, ó ń ṣàlàyé tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn: "L'ha detto Lei, Ọ́ńkù. Pupa è rosso. Dúdú è nero. Me l'ha insegnato la mamma." Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, pupa ni rosso, dúdú ni nero, mọ́mì ló kọ́ mi.

Lékè fẹ́ jẹ wọ́n níyà, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ọmọ náà sọ. Pupa ló sọ lóòótọ́. Kí ni ì bá pè é? Epo tí à ń jẹ, pupa ni. Ọ̀dọ́bìnrin tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, pupa ni. Yẹ̀pẹ̀ ojú ọ̀nà Ìjẹ̀bú, pupa ni. Kò sí ẹnikẹ́ni nílé tó jẹ́ sọ pé epo àti ẹ̀jẹ̀ dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n, rúsúrúsú àti fòò ló ń sọ fún un. Àwọn ọmọ wọ̀nyí gbá orí ọ̀rọ̀ mú, wọ́n jẹ́ kí ìrù rẹ̀ bọ́, inú ìrù náà sì ni àwọ̀ wà. Ta ló máa sọ minimini fún wọn nílé? Ìyá tó ń sọ pé "oya, giacca"? Inú bí i sí ìyá wọn, inú bí i sí bàbá wọn, inú bí i sí pásítọ̀ àti ọgọ́fà àga rẹ̀. Èyí tó burú jù, inú bí i sí ara rẹ̀, nítorí ní Ìjẹ̀bú-Igbó pàápàá, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń pe orúkọ àwọ̀ fún ọmọ.

"Ẹ jẹ́ ká pè é ní àwọ̀ ọsàn," ló wí. "Àwọ̀ ọsàn ni elégédé yìí."

Táyé, tí wọ́n gbé lọ sílé ní Kérésìmesì tó kọjá, tún nawọ́. "Ma in Nigeria l'arancia è verde."

Òun náà kò parọ́. Àwọ̀ ewé ni ọsàn ilé. Lékè fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mú.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, elégédé náà wà níwájú yín. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́jọ. Èmi lè ṣì í sọ. Ojú yín ńkọ́?"

Wọ́n wo ara wọn. Dùnsìn ló tún gba ẹnu wọn sọ. "La mamma ha detto di fare come dice Lei." Mọ́mì ní ohun tí ẹ bá wí ni ká ṣe.

 Òun gan-an, bí bàbá rẹ̀ bá sọ pé ẹyẹ kan funfun, àwọ̀ funfun ló máa rí lára ẹyẹ náà títí tí bàbá á fi kúrò níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni wọ́n. Ìyẹn ló bà wọ́n jẹ́.

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Ó gbàgbé Yorùbá, ó gbàgbé ìlérí, ó ń pariwo "arancione! arancione!", àwọ̀ ọsàn ní Italiano, ó ń da ọ̀dà pupa bí ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè pọ̀, ó ní kí wọ́n fi kùn ún lórí kíá. Bó ṣe kan èyí tó ti wà nílẹ̀, ó di ẹrẹ̀. Ó fẹ́ gbé ìwé tuntun, ìwé ti tán. Ibi tó dúró sí pẹ̀lú ike omi dídọ̀tí lọ́wọ́ ni Signora Bettin ti wọlé bá a, Adùnọlá tẹ̀ lé e, aago mẹ́rin ò tíì lù.

Signora náà fi ọwọ́ lé àyà. Ó lọ láti ìwé dé ìwé. "Che colori!" ló ń wí, pé irú àwọ̀ wo nìyí. "Che forza! Questa è l'Africa!" Irú agbára wo nìyí, Áfíríkà gan-an nìyí.

"No, signora," ni Lékè wí. "È sbagliato. È un errore." Àṣìṣe ni.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, bí ẹni rí onírẹ̀lẹ̀ ènìyàn. Lékè tún gbìyànjú. Ó fi Italiano ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ kan wà ní èdè àwọn, pé ọ̀rọ̀ náà gùn, pé ìdajì rẹ̀ ni àwọn ọmọ gbọ́. Bó ṣe ń ṣàlàyé ni ojú obìnrin náà ń tàn sí i. "Che poesia," ló wí, pé ewì gidi nìyí. Lékè fi ìka tọ́ òjìji tó wà nídìí elégédé Dùnsìn. "Guardi l'ombra, signora." Ó ní kó wo òjìji, òjìji nìkan ló tọ̀nà nínú gbogbo rẹ̀, òun sì ni ohun tí òun mọ̀ ọ́n kọ́ni. Signora kò wo ibẹ̀. Ewé dúdú ló ń wò. Inú bí Lékè, ó gbé ike omi náà kalẹ̀.

Signora fa fọ́ọ̀mù yọ nínú báàgì. Ó béèrè orúkọ, ó kọ ọ́. Ó béèrè àdírẹ́sì, ó kọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n kọ iṣẹ́ tí olùkọ́ máa kọ́ni, kò béèrè. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, lẹ́tà gbàǹgbà-gbàǹgbà: Maschere africane. Ìbòjú ilẹ̀ Áfíríkà.

Lékè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá rẹ̀ jẹ́ olùkàwé ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà fún ogójì ọdún. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ìbòjú kò ju èyí tó fi ojú ihò fèrèsé rí lójú egúngún tó ń kọjá lọ, ó sì sá fún un bíi ti gbogbo ọmọ tó kù.

"Io insegno disegno," ló wí. Àwòrán ni mo ń kọ́ni.

"Sì, sì, certo," ni Signora wí, ó na báírò sí i.

Adùnọlá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ wọn Ìfẹ́táyọ̀ wà nílé lọ́dọ̀ ìyá àgbà, orúkọ rẹ̀ ló sì fi ń pe ọkọ. "Bàbá Ìfẹ́táyọ̀, ẹ fọwọ́ sí i."

"Ìbòjú ló kọ síbẹ̀. Mi ò ṣe ìbòjú rí láyé mi."

"Ṣé òun ló máa jókòó tì yín ní Ọjọ́rú ni?"

"Irọ́ ni, Adùn."

"Tí ó bá jẹ́ irọ́, òun ló pa á. Ẹ ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta, mo wà níbẹ̀, etí mi gbọ́ ọ. Ẹ wọlé ná. Tí ẹ bá ti wà nínú ilé, ẹ ó tún àga tò bó ṣe wù yín."

Ó wo elégédé méjèèje lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó lè dá fọ́ọ̀mù náà padà. Ẹni tó ní ìgbéraga tó péye á dá a padà. Ṣùgbọ́n ó ronú kan aago márùn-ún àárọ̀ Mọ́ńdè, ó ronú kan páálí, ó gba báírò, ó fọwọ́ sí i. Ojú tì í bó ṣe ń fọwọ́ sí i.

Sístà Tóyìn ló kọ́kọ́ dé láti wá mú ọmọ. Ó gbé ìwé Dùnsìn sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Bùrọ̀dá, ó mà dára o. Ṣé Yorùbá lẹ fi kọ́ wọn?"

"Yorùbá nìkan ni, Sístà Tóyìn," ni Lékè wí.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí doposcuola. Ọmọ mẹ́rìnlá ló bá níbẹ̀. Dùnsìn nìkan ló mọ̀ nínú wọn. Àwọn mẹ́tàlá yòókù, ọmọ Italy ni wọ́n. Signora ti fi páálí ránṣẹ́, ó fi rọ́bà àti ìyẹ́ adìẹ aláwọ̀ mèremère sí i. Àní ibí náà, páálí ni. Lékè gbé gbogbo rẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Chiara nawọ́. "Maestro, come si fa la maschera?" Ó ń béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe ìbòjú.

Maestro. Tíṣà nìyẹn. Ó gbọ́ ọ, ó sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa kí ọmọ náà lè tún un pè.

"Ojú ni ìbòjú ń bò," ló dá a lóhùn ní Italiano. "Ẹni tí kò mọ ojú kò lè bò ó. Ẹ jókòó ní méjì-méjì, kí ẹ kọjú síra yín. Ojú ẹni tó wà níwájú yín lẹ máa kùn lónìí."

Chiara ló jókòó kọjú sí Dùnsìn. Kí Lékè tó pín búrọ́ọ̀ṣì tán, Chiara ti ri tirẹ̀ bọ ìgò ọ̀dà dúdú, ó fẹ́ fi ra gbogbo ojú tó yà. Dùnsìn ní tirẹ̀ káwọ́ gbera, ó ní òun ti ṣe tán. Funfun ni Chiara, ìwé náà sì funfun tẹ́lẹ̀. Ìbínú Sátidé padà dé sọ́rùn Lékè bí ẹni pé kò lọ rárá.

"Ta ló sọ fún yín?"

Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí àgbà kankan tó ṣì í sọ. Lékè kó gbogbo ìgò ọ̀dà kúrò níwájú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, ó kó wọn sẹ́yìn ara rẹ̀ lórí ojú fèrèsé. Wọ́n ráhùn. Ó ní wọn ò ní fọwọ́ kan ọ̀dà, wọn ò sì ní sọ̀rọ̀, wọ́n á kàn máa wo ara wọn títí òun á fi ní ó tó. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ̀rín sú wọn. 

Chiara tẹ orí síwájú. Ó wo iwájú orí Dùnsìn níbi tí iná ti kàn án, ó wo abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ imú. 

"Maestro, non è nero." Kì í ṣe dúdú.

"Kí wá ni?"

Ọmọ náà tún wò ó. "Non lo so," ló wí. Mi ò mọ̀.

"Ó dára," ni Lékè wí, ó sì gbé ọ̀dà padà síwájú rẹ̀.